Ẹ̀wù Tí A Ya Ọkọ̀ Ogun Òfurufú Sí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ata ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, mo ra ẹ̀wù kan lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òkìríkà ní ìlú Ìbàdàn. Ẹ̀wù aláwọ̀ eérú ni, ọrùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú ńlá kan sí àyà rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ìbọn sì yọ jáde ní imú rẹ̀, ní ìdí rẹ̀ àti ní ikùn rẹ̀ bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà, wọ́n to àwọn nǹkan kéékèèké kan tí àwọ̀ wọn pupa rúsúrúsú sí ìlà. Èmi rò pé ata ṣọ̀mbọ̀ ni. Mo wọ ẹ̀wù náà lọ sí kíláàsì. Olùkọ́ wa kan, àgbàlagbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, wò mí títí, ó ní, “Kí ni wọ́n tò sí ọ láyà yẹn?” Mo ní, “Ata ni, sà.” Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ́ǹbù ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún ìgbà kan tí ọkọ̀ yẹn lọ ju bọ́ǹbù sí ìlú onílùú. Lọ wádìí ẹ̀wù rẹ kí o tó tún wọ̀ ọ́ wá síwájú mi.”

Ojú tì mí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo bọ́ ẹ̀wù yìí, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, mo ka àwọn ata mi. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n. Iye yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ibi tí ó sì gbé mi dé jìnnà ju ibi tí mo rò lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó ń kọ ìtàn sára aṣọ. Ní ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, àwọn aláàdìrẹ wa ya àwòrán ọba àti olorì rẹ̀ sí àárín aṣọ, wọ́n sì ń pe àdìrẹ náà ní Ọlọ́ba. Ẹ tún wo Ìbàdàndùn, àdìrẹ tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe fáàrí: àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, wà lára rẹ̀ gedegbe, wọ́n sì fi ṣíbí sí àárín wọn. Ohun tí ó bá ya ará ìlú lẹ́nu, kì í pẹ́ tí yóò fi dé ara aṣọ. Bí ọkọ̀ òfurufú bá wá dé ara ẹ̀wù àwọn òyìnbó, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ìbéèrè mi ni pé, ta ni ó kọ́kọ́ yà á, kí sì ni ó ń wá?

Ogun Àgbáyé Kìíní ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun náà bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ a máa yìnbọn sí ọkọ̀ òfurufú èyíkéyìí tí wọ́n bá rí, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ti ara wọn. Àwọn ará Bìrìtìkó kun àsíá wọn sí ìyẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n láti òkèèrè, àgbélébùú tó wà nínú àsíá náà jọ àgbélébùú tí àwọn Jámánì kùn sí ti wọn. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n yá òrùka aláwọ̀ mẹ́ta lò lọ́wọ́ àwọn Faransé, wọ́n sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà: àwọn Faransé fi búlúù sí àárín, àwọn fi pupa sí i. Kí ọmọ ogun má baà pa ọmọ ilé rẹ̀ ni gbogbo ìdí tí òrùka yẹn fi wà. Ní bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ aláfẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn tí wọ́n ń pè ní Mods, gbé òrùka kan náà sára ẹ̀wù àti kóòtù wọn. Keith Moon, tí ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ olórin The Who, wọ irú rẹ̀ títí ó fi di mímọ̀ mọ́ ọn. Mo ti rí i lára ọmọ kékeré kan ní Dùgbẹ̀. Ó dájú pé ọmọ náà kò mọ̀ pé àmì “ẹ má yìn mí níbọn” ni ó wà ní àyà òun.

Èyí tí ó tún pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ẹṣin. Francesco Baracca, ọmọ Ítálì, ni ó pa ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá jù ní ilẹ̀ rẹ̀ nínú ogun yẹn, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kà sí i lọ́rùn kí òun náà tó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1918. Ẹṣin dúdú tí ó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró ni ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1923, ìyá rẹ̀ pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ ìdíje kan tí ń jẹ́ Enzo Ferrari, ó ní kí ó gba ẹṣin ọmọ òun kí ó máa lò ó, yóò mú oríire wá fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń dé fìlà pupa ẹlẹ́ṣin káàkiri ọgbà yunifásítì yìí, ọkọ̀ ogun òfurufú ni ẹ gbé lé orí.

Ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì awọ ni bàbá gbogbo aṣọ tí mo ń sọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1931, àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀wù kan tí wọ́n pè ní A-2. Awọ ẹṣin ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, wọ́n sì fi awọ ewúrẹ́ rán àwọn mìíràn. Síìpù ni ó pa iwájú rẹ̀ dé, nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì ni A-1 tí ó ṣáájú rẹ̀ ní. Òwú híhun fún un ní ọrùn ọwọ́ àti ní ìdí, kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé; àpò rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀já sì wà ní èjìká rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, ó gbòòrò bí pátákó ìkọ̀wé, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ta ni yóò fún ọmọ ogún ọdún ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ tí kò ní kọ nǹkan sí i?

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí wọ́n kọ, ẹ ní láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti ọdún 1942 ni àwọn Amẹ́ríkà ti ń gbé ọkọ̀ B-17 jáde láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì àti sí àwọn ilẹ̀ tí Jámánì gbà. Ènìyàn mẹ́wàá ni ó ń wọ ọkọ̀ kan. Wọ́n a gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 25,000, ọkọ̀ náà kò sì ṣe é pa dé kí òtútù má wọlé. Òtútù ibẹ̀ lè já sí 40 nísàlẹ̀ òdo, awọ ara ọwọ́ a sì lẹ̀ mọ́ ìbọn. A-2 kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù awọ àgùntàn onírun, tàbí èyí tí iná mànàmáná ń mú gbóná, ni wọ́n ń wọ̀ lé e lókè lọ́hùn-ún. A jẹ́ pé ohun tí A-2 wà fún gan-an ni kí a lè mọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀.

Bí ènìyàn bá jáde ogun ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí kò kú, wọ́n a ní kí ó máa lọ sílé. Ní 1944 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà márùndínlógójì. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n o. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 1943, ọkọ̀ 291 ni ó jáde lọ sí ìlú Schweinfurt. Ọgọ́ta kò padà. Ẹ fi mẹ́wàá sọ ọgọ́ta náà di púpọ̀, kí ẹ sì mọ iye ibùsùn tí ó ṣófo ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kí ogun tó parí, ó ju 26,000 ọmọ ogun lọ tí ó kú nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Kẹjọ ti Amẹ́ríkà yìí nìkan. Nítorí náà, tí ọmọkùnrin kan bá padà láti ìjáde kan, yóò lọ bá ẹni tí ó mọ àwòrán yà, yóò fún un ní owó díẹ̀, onítọ̀hún yóò sì kun bọ́ǹbù kékeré kan sí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìṣirò ẹ̀mí ni. Ẹni tí ó ní méjìlá mọ̀ pé mẹ́tàlá kù.

Ẹ̀wù tèmi, Memphis Belle ni ọkọ̀ tí ó wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ yìí gbé ní Bassingbourn, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Robert Morgan ni ó ń wà á, nítorí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí ó jẹ́ ará ìlú Memphis ni ó sì ṣe fún ọkọ̀ náà ní orúkọ yẹn. Ọmọge tí wọ́n yà sí imú rẹ̀, inú ìwé ìròyìn Esquire ni ó ti wá, láti ọwọ́ ayàwòrán George Petty. Tony Starcer, ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àwòrán yíyà rárá, ni ó kùn ún sára ọkọ̀. Ó fi aṣọ búlúù wọ ọmọge náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi pupa wọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà gbé orúkọ rẹ̀ àti ọmọge náà sí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì wọn pẹ̀lú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1943, wọ́n pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìjọba sì kó àwọn àti ọkọ̀ wọn káàkiri Amẹ́ríkà kí ará ìlú lè ya owó sílẹ̀ fún ogun. William Wyler ti bá wọn fò, ó ti ya sinimá, sinimá náà jáde ní 1944. Nítorí sinimá ni gbogbo ayé ṣe mọ̀ wọ́n. Ọkọ̀ mìíràn, Hell's Angels, ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n kò sí onísinimá nínú rẹ̀. Ọkọ̀ Memphis Belle wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, láti ọdún 2018 tí wọ́n ti tún un ṣe tán ni àwọn ènìyàn ti ń lọ wò ó níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn jákẹ́ẹ̀tì kan tí ó gba oorun lójú mi. Ọkọ̀ B-17 kan wà tí wọ́n ń pè ní Murder Inc., èyí tí í ṣe Ẹgbẹ́ Apànìyàn. Orúkọ tí àwọn oníwèé ìròyìn Amẹ́ríkà fún àwọn jàǹdùkú kan ní Brooklyn ni, àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí sì fi ṣe àwàdà. Ọ̀gágun kékeré kan, Kenneth Williams, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jíju bọ́ǹbù, ní orúkọ náà gàdàgbà ní ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1943, àwọn Jámánì já ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ bọ́, ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ẹ̀wù náà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní kí ó yí ẹ̀yìn padà, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Kò pẹ́ tí fọ́tò náà fi dé inú àwọn ìwé ìròyìn Jámánì: ẹ wá wò ó o, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé apànìyàn ni àwọn.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè fi ìtàn yìí ṣeré ni ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù Keje ọdún kan náà. Àwọn ará Bìrìtìkó ní òru, àwọn Amẹ́ríkà ní ọ̀sán, wọ́n sọ iná sí ìlú Hamburg, ó sì ju 30,000 ènìyàn lọ tí ó kú, ọ̀pọ̀ wọn obìnrin, arúgbó àti ọmọdé. Òpùrọ́ ni ìjọba Hitler, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìṣẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ta sílẹ̀ kò lóǹkà, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó gba ẹ̀kọ́ ìwà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, obìnrin tí ó ti sin ọmọ ní Hamburg, tí ó wá rí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì yẹn nínú ìwé ìròyìn, ta ni yóò sọ fún un pé àwàdà ni? Ọmọkùnrin náà kò ronú kan ẹnikẹ́ni tí yóò ka ẹ̀yìn rẹ̀ àfi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ọtí. Aṣọ kì í mọ ẹni tí yóò kà á.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n kọ̀wé sára aṣọ kí àjèjì lè kà á ni. Àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti jà fún Ṣáínà ní 1941 sí 1942, àwọn tí ayé mọ̀ sí Flying Tigers, fi aṣọ kan sábẹ́ tàbí sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì wọn. Àsíá Ṣáínà wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi èdè Ṣáínà kọ ọ́ sí i pé àlejò yìí wá ràn wá lọ́wọ́ nínú ogun, kí ọmọ ogun àti ará ìlú gbà á là. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá já sí oko olóko, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò bá a tọrọ ẹ̀mí.

Ní Jàpáànì, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n wọ̀ ọ́ fún. Bí ọmọ tuntun bá pé bí oṣù kan, wọn a gbé e lọ sí ojúbọ Ṣíńtò, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń kó ọmọ jáde, aṣọ tí wọ́n bá sì dà bo ọmọkùnrin lọ́jọ́ náà kì í ṣe aṣọ kan ṣákálá. Ní àwọn ọdún 1930, ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú omi ogun àti àgbá ni ó kún irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kan láti Tókíò fò dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní oṣù Kẹrin ọdún 1937, tí ó fi wákàtí tí kò pé ọgọ́rùn-ún rin ìrìn náà, ó di àwòrán aṣọ kíákíá. Ti àwọn àgbà ọkùnrin yàtọ̀: inú ni wọ́n ń fi tiwọn sí, lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ tàbí ní abẹ́ kóòtù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá bá wọn jókòó mutí ní ìyẹ̀wù ni yóò rí i. Ní 2005, wọ́n ṣe àfihàn irú aṣọ wọ̀nyí ní New York. Mo wo àwòrán ọ̀kan pẹ́: ọkọ̀ ajubọ́ǹbù tí ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọlángidi, lórí sílíìkì. Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án mọ́jú ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 1945, ọkọ̀ B-29 ti Amẹ́ríkà sun Tókíò, bí ènìyàn 100,000 ni ó sì bá a lọ. Ọmọ tí wọ́n da aṣọ ọlọ́kọ̀ òfurufú bò ní 1937 kò tíì pé ọdún mẹ́jọ lóru ọjọ́ náà.

Ẹ ó máa sọ pé, kí ni ó kàn wá? Ó kàn wá. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940 ni wọ́n ti ń já ọkọ̀ ogun òfurufú sí èbúté Takoradi nínú àpótí, wọ́n a tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n a sì gbé wọn fò gba Èkó, Kánò àti Màídúgùrì kọjá lọ sí Khartoum, títí dé Káírò. Bàbá mi àgbà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, wà ní ilé-ìwé ní Èkó nígbà náà. Ó máa ń sọ fún wa pé tí ìró wọn bá ti dé, gbogbo kíláàsì a sáré síta, tíṣà a sì ṣáájú wọn. Ó tún máa ń sọ pé òun dá kọ́bọ̀ kan nígbà tí wọ́n ń dáwó ọkọ̀ Spitfire, kọ́bọ̀ ayé ọjọ́un tí ènìyàn lè fi jẹun. £5,000 ni wọ́n dá lé ọkọ̀ kan. Àwọn ará ilẹ̀ wa dáwó náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi orúkọ Nàìjíríà pe ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Bìrìtìkó, ọ̀wọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hawkinge, ní etí òkun, ní 1941. Wọ́n kọ orúkọ ìlú àti ẹkùn ilẹ̀ wa sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Ní 1944, àwọn ni wọ́n wà lára àwọn tí ń lé bọ́ǹbù tí ń fò fúnra rẹ̀ tí Jámánì ń rán sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Àwọn ọmọ wa pàápàá wà nínú ọkọ̀. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gágun awakọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ó kú ní 1945. Akin Shenbanjo ń mójú tó wáyálẹ́ẹ̀sì, ó sì ń yìnbọn nínú ọkọ̀ Halifax, lábẹ́ ọ̀wọ́ kẹrìndínlọ́gọ́rin. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ fi òun sọ orúkọ rẹ̀: Achtung! The Black Prince. Achtung, èdè Jámánì ni, “ẹ ṣọ́ra” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni ń ké pé ẹ yàgò lọ́nà o, Ọmọ Ọba Dúdú ń bọ̀. Mo ka èyí, orí mi wú. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo sì rántí Hamburg, mi ò wá mọ èyí tí ǹ bá fi orí wíwú náà ṣe. Ẹ ronú nípa rẹ̀ pẹ̀lú mi: bí 125,000 ènìyàn ni ó fò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Bìrìtìkó, 55,573 nínú wọn ni ó kú. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ kí ó tó gba ti ẹlòmíràn.

Mo ti wá irú ẹ̀wù tí wọ́n ya Ọmọ Ọba Dúdú sí, n kò rí i ní ọjà wa. Spitfire ni ó pọ̀. Spitfire náà rẹwà lóòótọ́, ìyẹ́ rẹ̀ dà bí ewé, ṣùgbọ́n ní 1940 tí Jámánì fẹ́ gba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè, ọkọ̀ Hurricane ni ó já ọ̀tá bọ́ jù. Hurricane ní ìké lẹ́yìn, kò wu àwọn tí ń ya ẹ̀wù. Báyìí ni ayé ṣe máa ń san oore.

Àwọn arákùnrin wa ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi aṣọ gba ẹ̀tọ́ wọn padà. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni wọ́n ti kọ́ àwọn awakọ̀ ogun aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, nítorí pé àwọn aláwọ̀ funfun kò fẹ́ bá wọn fò. Márùn-ún ni ó kọ́kọ́ jáde, ní oṣù Kẹta ọdún 1942. Nígbà tí wọ́n dé Ítálì lábẹ́ Benjamin O. Davis kékeré, wọ́n kun ìrù ọkọ̀ wọn ní ọ̀dà pupa fòò, kí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ lè mọ ẹni tí ń ṣọ́ òun. Nígbà tí wọ́n darúgbó, kóòtù pupa ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìpàdé wọn, ìrù ọkọ̀ wọn ni wọ́n sì wọ̀ sọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ní 2007, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Irú aṣọ yẹn, n kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀ rárá.

Ti àwọn oníṣòwò kò gùn. Ní 1943 ni ọ̀gágun àgbà Arnold ti ní kí wọ́n má ra A-2 mọ́, aṣọ tí kì í ṣe awọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ sinimá kò jẹ́ kí ó kú: Steve McQueen wọ̀ ọ́ ní 1963 nínú The Great Escape, àti pé nígbà tí Top Gun jáde ní 1986, jákẹ́ẹ̀tì awọ àwọn awakọ̀ di ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ ń wá. Kò pẹ́ sí i tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fúnra wọn dá A-2 padà. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sì ń yìn jù nínú àwọn tí ń ṣe àdàkọ ti àtijọ́, tí wọ́n ń wá irú síìpù àti irú òwú àkọ́kọ́ kiri, Buzz Rickson's ni, ará Jàpáànì ni wọ́n, 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ọmọ àwọn tí ọkọ̀ B-29 sun ìlú wọn ni ó ń fi sùúrù rán ẹ̀wù awakọ̀ Amẹ́ríkà.

Nígbà tí mo ka díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó ní, “Bí a bá ní kí a máa wádìí gbogbo aṣọ kí a tó wọ̀ ọ́, ìhòòhò ni a ó máa rìn.” Gbogbo ilé pariwo, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ìhà Ìlà-Oòrùn ilẹ̀ wa, tí ó máa ń wá gbọ́ èdè wa, dúró dè mí níta. Ó sọ fún mi pé ìyá ìyá òun ṣì ń sá sábẹ́ ibùsùn tí ọkọ̀ òfurufú bá fò sílẹ̀, nítorí ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970, nígbà tí ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ ń ju bọ́ǹbù, tí ó sì ń bọ́ sí ọjà pẹ̀lú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wù yín rẹwà. Ẹ ṣáà má wọ̀ ọ́ wá sí ilé wa.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo bi ara mi pé, bí ẹnìkan bá ya MiG-17 ti ilẹ̀ wa sí ẹ̀wù, tí ó to ata sábẹ́ rẹ̀, ṣé èmi yóò rà á? N kò lè rà á. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tí mo rà? Òkun ni, àti ọgọ́rin ọdún.

N kò sọ ẹ̀wù náà nù. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́wàá tí ń ka ọjọ́ wọn lórí awọ ẹṣin kò ṣẹ̀ mí, n kò sì fẹ́ kí a gbàgbé wọn. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, ó wà lórí ìkọ́ ní yàrá mi. Mo ti wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ wa ní ẹ̀ẹ̀kan láti ìgbà náà. Ó tún bi mí léèrè ohun tí ó wà ní àyà mi, ìdáhùn náà sì gbà wá títí àwọn agbọ́ọ̀fíìsì fi wá ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ tí àyè bá wà fún mi láti dúró dáhùn ìbéèrè nìkan ni mo máa ń wọ̀ ọ́.